Ta Ló Dín Arúgbó?

                                        Yàrá Ẹrù,
                                        Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Dónọ́ọ̀tì Wa,
                                        Òdìkejì Ilé Ẹ̀rín-Túláàsì.
                                        Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Jẹ́jẹ́ mi, ẹbí tó tún ṣe ọ̀rẹ́ fún mi,

“Ìwọ ni àbí ìwọ kọ́? Ta ló dín Arúgbó? Ojú-Fèrèsé, ìwọ ni mò ń bá wí! Ṣé etí ẹ ti di ni? Dáhùn, kí n tó fi ọwọ́ olóróró yìí bá ẹ níbi tó o dúró sí yẹn!”

Ohun tí màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi igbe ta nìyẹn. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́, mi ò fi iyọ̀ sí i. Mo wọ yàrá ẹrù, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo gun orí àpò fúláwà jókòó, mo fa bébà yọ. Wọ́n ní àwọn fún mi di ìgbà tí a bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Tí mi ò bá la ẹnu mi nígbà náà, ìyá rẹ ni yóò dáhùn fún mi, ìdáhùn tiwọn sì ni pé kí Ìyá Àgbà palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kí wọ́n tẹ̀ lé àwọn lọ sílé àwọn lónìí.

Lẹ́tà ni mo ń kọ, má pè mí ní ará àtijọ́. Ẹni tó bá fi fóònù sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, gbogbo ilé ló bá sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n kí ọ dáadáa ná, kí o má baà sọ pé ìwé tí mo pa tì ló sọ mí di ẹni tí kò mọ ìkíni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ rẹ tí o ní ó máa ń wú tí o bá ti ń dúró láti òwúrọ̀, ṣé ó ti ń rọlẹ̀? Obìnrin tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ṣé ó ti jáwọ́ nínú híhanrun, àbí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń han án báyìí? Ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń fi tipá mú yín rẹ́rìn-ín? Àwa náà wà. Bàbá mi wà, wọ́n ṣì ń sè kọfí jóná. Màmá mi wà, o ti gbọ́ ohùn wọn lókè yìí. Ìyá Àgbà wà, ọ̀rọ̀ wọn ló gbé mi dé orí àpò yìí. Ìyá rẹ náà wà. Wọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí.

Nínú lẹ́tà tó o kọ kẹ́yìn, o ní kí n sọ òótọ́ inú mi: èwo ló dùn jù, dónọ́ọ̀tì ti yín tàbí ti wa? O ní ìwọ ti yan ti yín. O ní ibẹ̀ mọ́, ó ń ta sánsán, kò sì sí ẹni tó ń jágbe mọ́ ọ. Mo kà á, mo pòṣé. Mo tún un kà, kí n lè rí ìdí tún pòṣé.

Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ yín ti dé ọ̀dọ̀ wa náà, o mọ̀. Ó dojú kọ wá gan-an bí ẹni tó ń wá ìjà. Orúkọ gígùn kan wà lára pátákó rẹ̀ tó ń tàn tó ń kú, ṣùgbọ́n Ilé Ẹ̀rín-Túláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, mi ò sì tọrọ àforíjì. Ọkọ̀ ńlá kan ló ń já dónọ́ọ̀tì wọn sílẹ̀ láràárọ̀, ó gan bí ẹja inú yìnyín. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà ṣúgà, wọ́n á tò ó sínú gíláàsì, wọ́n á tanná sí i lórí bí ẹni pé ìyàwó ló jókòó síbẹ̀. Àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ ewé, àwọ̀ tí mi ò tíì rí lára ohunkóhun tí Ọlọ́run dá pé ká fi sẹ́nu. Ẹni tí kò pò ó, tí kò dín in, tí kò tilẹ̀ mọ ìlú tí wọ́n ti dín in, ni yóò wá máa sọ fún èèyàn pé, “Ó gbóná fẹlifẹli, mà!” Irọ́ ló gbóná fẹlifẹli. Tó o bá gé e jẹ, fóòmù inú àga lo gé jẹ, fóòmù tí wọ́n rẹ sínú ṣúgà. Ti fìlà wọn ló tún wá burú: fìlà aláwọ̀ ọsàn tí dónọ́ọ̀tì onírọ́bà dúró téńté sí níwájú bí ìwo. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ni ìwọ náà ń dé. Mo máa ń gbìyànjú láti má rò ó.

Àwọn tó ń lọ rajà níbẹ̀ ni mi ò lè wò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á tò bí ẹni tó fẹ́ gbàwúre, wọ́n á gba ife bébà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, wọ́n á wá máa gbé e káàkiri títí kọfí inú rẹ̀ á fi tutù, kí á ṣáà lè rí ife. Ṣé wọn ò mọ orúkọ ara wọn tẹ́lẹ̀ ni?

Má sì rò pé ti wa ni mò ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò sí tábìlì kan níbẹ̀ tó dúró déédéé. Ilẹ̀kùn ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Kọfí bàbá mi dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò tó jóná. Wọ́n á sè é, wọ́n á tún un sè, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ra. Màmá mi kì í bi oníbàárà ní ohun tó fẹ́, wọ́n máa ń pàṣẹ rẹ̀ fún un ni: “Jókòó. Méjì ni wàá jẹ. Má wò mí.” Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí à ń pè ní Rẹ-Ẹ́-Sínú ṣì ń wá. Ó ṣì ń ki dónọ́ọ̀tì bọ kọfí títí ìka rẹ̀ náà á fi wọnú ife, á wá la ìka, á ní kò sí ibi tí wọ́n ti mọ ayé jẹ bí ọ̀dọ̀ wa. Tó bá jẹ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló ń yìn wá, kí là ń yangàn sí?

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò lè bú níbẹ̀ ni Arúgbó.

O mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n o ti pẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀rín lè ti jẹ ọ́ lọ́pọlọ, jẹ́ kí n rán ọ létí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kí a tó dín fúláwà pípò tó gbẹ̀yìn, à ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan kúrò lára rẹ̀. A ó gbé e sínú abọ́ aláwọ̀ búlúù, a ó fi aṣọ tútù bò ó, a ó gbé e sórí fíríìjì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wú, ó ti kan díẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó sùn. Òun la ó yọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́ láti fi pò tuntun, lára tuntun náà la ó sì ti bu Arúgbó ọ̀la. Bó ṣe ń lọ nìyẹn láti ìgbà tí wọn ò tíì bí bàbá mi. A kì í ra yíìsì. Nígbà tí wọ́n ń kó bọ̀ wá sílé yìí, Ìyá Àgbà gbà kí agbada àti ìkòkò bá ọkọ̀ ẹrù lọ, ṣùgbọ́n orí itan wọn ni Arúgbó jókòó sí. Ilé Ẹ̀rín-Túláàsì ì báà ní gbogbo ọ̀dà ayé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Èmi ni mo ń bu Arúgbó. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, tí tíṣà ìṣirò ní orí mi dà bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ nù, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni tíì yìn mí fún nìyẹn. Ìyá Àgbà sì ti ṣèlérí pé ọdún tó ń bọ̀, àwọn á fi ọ̀pá ìdín lé mi lọ́wọ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń yí dónọ́ọ̀tì padà nínú òróró. O mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé wa. Ẹni tó bá di ọ̀pá yẹn mú ni ṣọ́ọ̀bù ń wò lójú. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò kàn. Irọ́ ni. Mo máa ń fi igi ìgbálẹ̀ dánra wò tí wọn ò bá sí nílé.

O sì rántí àga Ìyá Àgbà létí fèrèsé iwájú. Dónọ́ọ̀tì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú òróró, iwájú wọn ló ń lọ. Wọ́n á fọ́ ọ sí méjì, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á dijú. Tí wọ́n bá ní, “Ó wà. Ẹ ṣílẹ̀kùn,” a ó ṣí i. Tí wọn ò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè fi orí gbá ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Nígbà kan tí màmá mi fi ìbínú pò ó, Ìyá Àgbà jẹ ẹ́, wọ́n ní, “Kò sí,” gbogbo rẹ̀ la sì dànù. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí fọ́nnu fún gbogbo ayé. Mo ti sọ ọ́ fún ìwọ náà: ẹnikẹ́ni tó bá ní ahọ́n lẹ́nu á mọ ti wa yàtọ̀ sí fóòmù yín.

Ó dáa. Gbọ́ tòní.

Láàárọ̀, màmá mi ká aṣọ kúrò lórí abọ́ búlúù. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹnì kan ti fọ abọ́ náà, ó ń dán; nílé wa, inú òróró nìkan ni fúláwà ń lọ. Wọ́n lọgun, “Ta ló dín Arúgbó? Mo ní ta ló dín Arúgbó o!” Rẹ-Ẹ́-Sínú ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró kí a ṣílẹ̀kùn. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn: “Ẹ má pa wọ́n o! Ẹ bu omi lù wọ́n! Àgbà kan ṣoṣo tó kù ládùúgbò!” Bàbá mi ní láti yọjú lójú fèrèsé láti sọ fún un pé fúláwà ni, kì í ṣe èèyàn. Ó jáwọ́ lára ilẹ̀kùn, ó ní, “Ẹ̀n, ìyẹn náà burú.”

Màmá mi wò mí. Mo wolẹ̀. Wọ́n fa àpótí kan, wọ́n mú yíìsì onípáálí jáde, èyí tí ìyá rẹ mú wá fún wa nígbà kan tí màmá mi sì jù síbẹ̀ pẹ̀lú èébú. Wọ́n fi pò fúláwà tuntun, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan lára rẹ̀ sínú abọ́ búlúù, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, yóò mọṣẹ́. Arúgbó tí wọn ò tíì bí dáadáa! Èyí tó kù náà nílò àkókò kó tó wú, Ìyá Àgbà sì ti jókòó, wọ́n ti da aṣọ sí itan, wọ́n ń wo ọ̀nà ilé ìdáná. Màmá mi fà mí létí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Sáré lọ sí òdìkejì. Ra ẹyọ kan tí kò ní ọ̀dà. Bo orí ẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹ, ìwọ lo fẹ́ jẹ ẹ́.”

Èmi, Jẹ́jẹ́. Èmi tí mo ti búra pé tí òjò bá ń pa mí lẹ́nu ọ̀nà wọn, màá kú kí n tó yà síbẹ̀.

Mo wọlé. Gbogbo wọn kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, “Ẹ káàbọ̀ o! Inú wa dùn sí yín!” Inú ta ló dùn sí mi? Ta ló bi yín? Èyí tí kò ní ọ̀dà kò sí, ni mo bá mú èyí tí ọ̀dà rẹ̀ funfun. Wọ́n ní ẹni tó bá ra dónọ́ọ̀tì láàárọ̀ á gba kọfí ọ̀fẹ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ mú gègé, ó ní, “Kí lorúkọ yín, mà?” Mo ní, “Kò kàn ẹ́.” Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó kọ ọ́. Nígbà tó yá, ó na ife sókè níwájú gbogbo èrò, ó fi ẹ̀rín kéde pé, “Kọfí Kò-Kàn-Ẹ́ ti délẹ̀ o! Kò-Kàn-Ẹ́ dà?” Gbogbo wọn yíjú. Mo lọ gbà á. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ohun tí mi ò ní í sọ síta láéláé: kọfí wọn dára ju ti bàbá mi lọ. Ó dára jù ú lọ dé ibi tí inú bí mi. Mo dúró létí gíláàsì wọn mu ún, mo gbójú sókè, ni mo bá rí ṣọ́ọ̀bù wa. Mi ò tíì rí i láti ibẹ̀ yẹn rí. Ìyá Àgbà ló kún inú fèrèsé náà, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọ́n nara sókè bí ọmọ iléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rí wọn kedere ju bí mo ṣe ń rí wọn tí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kéré. Ìgbà wo ni wọ́n kéré tó báyìí?

Mo sáré padà gba ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò, màmá mi tì í bọ òróró kó lè gbóná, wọ́n yí i nínú ṣúgà wa, wọ́n gbé e jáde. Ìyá Àgbà fọ́ ọ sí méjì. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n dijú, wọ́n jẹun pẹ́ lórí fóòmù yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní:

“Ó wà. Ẹ ṣílẹ̀kùn.”

Màmá mi wọ ilé ìdáná, wọ́n fi épírọ̀nù bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìfọ́nnu mi já lulẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń wò ó.

Lọ́sàn-án ni ìyá rẹ dé. Rẹ-Ẹ́-Sínú ló kọ́kọ́ rò ó fún wọn, ó ń fi ọwọ́ gbá itan, kò mọ̀ pé iná lòun ń fẹ́. Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo màmá mi, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe Màmá fúnra wọn ló dín in?”

Ìyá rẹ yíjú sí fèrèsé, “Màmá, ẹ̀yin lẹ dín Arúgbó?”

Ìyá Àgbà ní, “Èwo ni ẹ dín Arúgbó? Arúgbó wà nínú abọ́ rẹ̀. Ṣé wèrè ń ṣe ẹ́ ni?” Wọ́n tún yíjú sójú títì.

Ìyá rẹ wá rọ ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́. Tó bá jẹ́ pé Màmá ló ń dá dúró nídìí òróró gbígbóná, tí wọn ò sì rántí, mo ń mú wọn lọ lónìí. Mo ti tún yàrá òkè ṣe. Mi ò ní dúró kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti jóná.” Bàbá mi gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀.” Màmá mi já lu ọ̀rọ̀: “Màmá kọ́! Ojú-Fèrèsé ló ń bu Arúgbó, òun ni yóò jẹ́!” Ìyá rẹ ní, “Kó sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ nígbà náà. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ yọ ọ́ nídìí òróró. Wọ́n ń wá ọmọbìnrin síṣẹ́ ní òdìkejì yẹn. Wọn ò ní Arúgbó níbẹ̀ tí yóò tún rí dín.” Màmá mi ní, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó sọ ọ́. Ẹni tó bá dín Arúgbó ò ní í fọwọ́ kan ọ̀pá ìdín mọ́ láyé, ọmọ mi ì báà ni!” Ìgbà náà ni wọ́n kọjú sí mi, tí wọ́n kígbe tí mo kọ sókè lẹ́tà yìí.

Jẹ́jẹ́, mo mọ ẹni tó dín in. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Lánàá, bàbá mi àti màmá mi jáde lọ gbé fúláwà. Mo ti bu Arúgbó sínú abọ́ rẹ̀, mo ti bò ó. Mo jáde lọ nu gíláàsì iwájú, mo bá dúró síbẹ̀, mò ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tuntun Ilé Ẹ̀rín-Túláàsì bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní ẹ̀rín. Ọ̀gá wọn á ní, “Eyín!” gbogbo wọn á yọ eyín. Mo fi wọ́n ṣẹ̀sín títí ó fi sú mi. Nígbà tí mo wọlé, Ìyá Àgbà dúró nídìí agbada. Abọ́ búlúù wà lórí fíríìjì, aṣọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, mi ò wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n na nǹkan kan sí mi lórí bébà, ó rí róbótó, kò ní ihò láàárín. Wọ́n ní, “Jẹ ẹ́, ọmọ mi. O ò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àárọ̀.” Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ó wúwo, èèpo rẹ̀ ń ró káú, inú rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Mi ò jẹ ohun tó dùn tó o rí láyé mi. Mo ń la ṣúgà ọwọ́ mi lọ́wọ́ ni mo rí i pé wọn ò tíì pa iná, etí aṣọ ìnuwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń pọ́n, ó fẹ́ gbiná. Mo pa iná, mo ju aṣọ náà sómi. Mi ò ro nǹkan kan. Ìgbà tí màmá mi ká aṣọ kúrò lórí abọ́ láàárọ̀ yìí ni mo tó mọ ohun tí mo jẹ.

O bi mí pé èwo ló dùn jù. Òun nìyẹn. Kò sí ní ti yín, kò sì sí ní ti wa mọ́.

Ìyá rẹ kì í ṣe ìkà, bó ti wù kí ẹnu mi mú tó. Ìyá wọn ni Ìyá Àgbà. Iná ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó ń bà mí lẹ́rù jù wọ́n lọ, èmi ni mo rí aṣọ yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ yàrá òkè ilé yín. Ògiri ẹlòmíì ni fèrèsé ibẹ̀ dojú kọ. Kí ni Ìyá Àgbà yóò máa jí sí níbẹ̀? Ta ni wọ́n máa sọ fún pé kó ṣílẹ̀kùn? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tó bá wá jẹ́ orí àgbà ló ń wọ́ ńkọ́? Ta ni yóò tún un ṣe, Rẹ-Ẹ́-Sínú?

Bá mi kí obìnrin oníhanrun yẹn. Kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa fi ẹnu sinmi nígbà míì. Fi omi gbígbóná àti iyọ̀ rẹ ẹsẹ̀ rẹ. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí ò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n a kì í torí bẹ́ẹ̀ má kíni.

Màmá mi ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìró pátákó iwájú, wọ́n ti ń tì í.

Màá jáde. Màá dúró níwájú ìyá rẹ, màá ní, “Èmi ni mo dín in. Mò ń wo ojú fèrèsé, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú òróró, ẹ̀rù wá bà mí, mo fọ abọ́.” Màá fi kún un pé èmi náà ni mo fi iná sílẹ̀ lánàá tí aṣọ fi pọ́n. Mo mọ màmá mi. Láti òní lọ, wọ́n á máa ti ilé ìdáná pa ní gbàrà tí iṣẹ́ bá ti parí, kọ́kọ́rọ́ á máa wà lọ́rùn wọn, nítorí ọmọ aláìníyè tí wọ́n bí. Kò tún sí ẹni tó máa dá dúró nídìí iná yẹn mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní í bi Ìyá Àgbà ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní kí n lọ sí òdìkejì, màá lọ. Màá dé fìlà oníwo yẹn. Wọ́n á ní, “Eyín!” màá yọ eyín. Ẹni tó bá dúró létí gíláàsì wọn láàárọ̀ ń rí àga Ìyá Àgbà kedere, mo ti wò ó.

Ìwọ náà ò ní í gbọ́ ọ, Jẹ́jẹ́. Ọmọ ìyá rẹ ni ọ́, ọ̀rọ̀ yìí á wúwo jù fún ọ láti gbé. Iná ni màá fi lẹ́tà yìí dá kí wọ́n tó ti ilé ìdáná, màá wá kọ òmíràn sí ọ lọ́la. Màá béèrè ẹsẹ̀ rẹ níbẹ̀. Màá sọ fún ọ pé èmi ni mo dín Arúgbó, wàá sì fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe túláàsì. Bó o bá tún bi mí pé èwo ló dùn jù, màá ní ti yín ni.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ, bó o mọ̀ bó ò mọ̀,
Ojú-Fèrèsé.